Ogún Gíráàmù Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọdún méjìdínlógún ni obìnrin tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Ìyá Ìléru ti fi yọ́ irin kí àbúrò rẹ̀ tó wá bá a níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sì mú àbúrò náà wọlé. Ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn: kò rẹ́ni bá wí. Òun ló lọ bá Ọ̀gá nínú ọ́fíìsì, òun ló ní, "Àbúrò mi ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè lórí irin. Ó mọ ìṣirò bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ sáà gbà á, kẹ́ ẹ wò ó." Ọ̀gá gbà á, ó sì wò ó. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, kò wo ẹlòmíì mọ́.

Irin arántí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bí o bá tẹ irin náà nígbà tó tutù, á tẹ̀, á sì dúró bí o ṣe fi í sílẹ̀, àfi bí ẹni tó sùn lọ. Jẹ́ kí ooru díẹ̀ kàn án, wàá rí i tó máa jí, tó máa padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é níbẹ̀rẹ̀. Kò sí idán níbẹ̀. Àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di irin náà ní ọ̀nà méjì tí wọ́n lè gbà tò: ìtò òtútù, tó rọ̀, àti ìtò ooru, tó le. Bí ooru bá dé ìwọ̀n kan, wọ́n á fi ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n á bọ́ sí èkejì. Ìwọ̀n wo? Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Níkẹ́ẹ̀lì àti tàìténíọ̀mù ni wọ́n ń pò pọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì sí ìdajì. Ṣùgbọ́n bí níkẹ́ẹ̀lì bá fi ẹyọ kan péré lé nínú ẹgbẹ̀rún, ìwọ̀n ooru tí irin fi ń jí á já wálẹ̀ ní dígírì mẹ́wàá, nígbà míì ogún. Irin tí ì bá jí nínú ara ènìyàn á jí nínú omi tútù.

Ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ ọ kì í ṣe ìkòkò amọ̀. Èédú líle ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, irú dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù ìkọ̀wé. Tàìténíọ̀mù ní tirẹ̀ jẹ́ irin olójúkòkòrò. Bó bá ti yọ́, á máa fa èédú lára ìkòkò, á lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á di horo líle kéékèèké tí kò lè rántí nǹkan kan. Tàìténíọ̀mù tó bá ti bá èédú lọ ti lọ nìyẹn, níkẹ́ẹ̀lì á wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú èyí tó kù. Ìyá Ìléru ò mọ àlàyé yìí nígbà náà. Ohun tó mọ̀ ni pé ìkòkò tuntun máa ń jẹun, pé èyí tó bá ti pẹ́ á ti yó. Nítorí náà, kó tó ti ìlẹ̀kùn ìléru, kí ẹ̀rọ tó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, á ju ègé tàìténíọ̀mù kan sí i: ègé tó tó àtàńpàkò bí ìkòkò bá jẹ́ tuntun, èyí tó tó èékánná bó bá ti gbó. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Ẹnikẹ́ni ò sì bi í. Nínú ọkàn rẹ̀, oúnjẹ ìkòkò ló ń pè é.

Àbúrò rẹ̀ ni wọ́n fún ní iṣẹ́ wíwọn irin, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Oníwọ̀n. Obìnrin kúkúrú ni, ẹ̀rín ẹ̀ yá, ọwọ́ ẹ̀ yá.

Bí owú náà ṣe bẹ̀rẹ̀, kékeré ni. Ọ̀gá gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀ fún Oníwọ̀n. Àga lásán ni, ó tiẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan tó ń mì. Ṣùgbọ́n láti ọdún méjìdínlógún, orí ìdúró ni Ìyá Ìléru ti ń bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ó wo àga náà, ó wo bàtà ara rẹ̀ tí iná ti ta ní ihò mẹ́rin, ó ní kò burú.

Nílé ńkọ́? Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá wọn ń gbé, òun ló ń fọ aṣọ ìyá náà, òun ló ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àmọ́ bó bá ti wọlé nírọ̀lẹ́, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Àbúrò rẹ ńkọ́? Ṣó ti jẹun? Iṣẹ́ orí ò rọrùn o."

"Èmi náà ṣiṣẹ́, Màmá."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ìwọ lágbára."

Ó fi ọ̀rọ̀ yẹn sun. Agbára! Bí ẹni ń yin alágbàrù.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló wá fi ata sójú egbò. Ó ti yí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ padà. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ wá ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ti Oníwọ̀n, ó sì ń fi ìlà kékeré kọjá láàárín òdo bí Oníwọ̀n ṣe máa ń ṣe. "Bí mo bá dàgbà, èmi náà á máa wọn irin bíi ti Àǹtí Kékeré," ló wí lọ́jọ́ Àìkú kan tí gbogbo wọn jókòó sídìí oúnjẹ.

Ìyá Ìléru ní, "Ta ni yóò wá máa yọ́ ohun tẹ́ ẹ bá wọ̀n?"

"Ẹ̀yin náà ni, Mọ́mì."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Oníwọ̀n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léjìká pẹ̀lú ìfẹ́. Ìyá Ìléru náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò kọjá eyín.

Nígbà tó yá, dókítà eegun kan béèrè fún iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ìkọ́ eegun ló fẹ́: wáyà tí wọ́n tẹ̀ bíi pín-ìn tí a fi ń di ìwé pọ̀, tó ní ẹsẹ̀ méjì. Wọ́n á mú un tutù, wọ́n á la ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ki ẹsẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ibi tí eegun ti ṣẹ́. Bí ooru ara bá mú un, á rántí, á pa ẹsẹ̀ dé, á fa eegun méjèèjì mọ́ra. Dígírì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló yẹ kó ti jí. Bó bá jí ṣáájú ìyẹn, ọwọ́ dókítà ni yóò ti pa dé. Bó bá pẹ́ kó tó jí, kò ní pa dé rárá.

Nígbà tí wọ́n ń múra iṣẹ́ yìí ni Oníwọ̀n tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì Ọ̀gá. Ó ti to gbogbo irin tí wọ́n yọ́ láàárín ọdún mẹ́ta sójú kan.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ wò ó. Èyí jí ní ọgbọ̀n, èyí ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, èyí ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ohun kan náà la kọ sínú ìwé fún gbogbo wọn. Nǹkan kan ń wọlé tí a ò mọ̀."

Ọ̀gá ní láti ọjọ́ náà lọ, Oníwọ̀n ni yóò máa wọn gbogbo irin, tí yóò dì í sínú agolo, tí yóò fi òǹtẹ̀ sí i. Ó wá yíjú sí Ìyá Ìléru. "Ohun tó bá wà nínú agolo nìkan. Kí ẹnikẹ́ni má fi ohunkóhun kún un."

Oníwọ̀n ní, "Àǹtí, ṣé nǹkan kan wà tẹ́ ẹ máa ń ṣe, tó yẹ kí n mọ̀?"

Ìbéèrè náà mọ́, kò lábẹ́nú. Bó bá jẹ́ pé nílé ló ti bi í ni, lórí ibùsùn tí àwọn méjèèjì jọ ń sùn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, bóyá ì bá sọ. Ṣùgbọ́n àbúrò wà lórí àga, ẹ̀gbọ́n wà lórí ìdúró, Ọ̀gá ń wò wọ́n. Létí Ìyá Ìléru, ńṣe ló dún bí ìbéèrè ọlọ́pàá.

"Rárá," ló wí. "Kí ni mo mọ̀?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìkòkò àtijọ́ sán. Wọ́n gbé tuntun wọlé nínú àpótí, ó dúdú, ó ń dán. Ìyá Ìléru fọwọ́ pa inú rẹ̀, ó mọ̀ pé ebi ń pa á. Ó mú agolo tí Oníwọ̀n ti dì, ó já òǹtẹ̀ rẹ̀, ó da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ìkòkò. Ègé tàìténíọ̀mù wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó wò ó. Ó ti ìlẹ̀kùn ìléru. Wọ́n ní kóun má fi ohunkóhun kún un. Ṣé òun wá máa ṣàìgbọràn ni?

Dókítà yẹ kó dé ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló yọ sí wọn, nítorí ó ní ìrìn-àjò. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n tẹ àwọn ìkọ́ náà tán, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ò tíì kàn wọ́n. Ọ̀gá ní kí wọ́n ní sùúrù kí wọ́n wọ̀n wọ́n ná. Oníwọ̀n ní kò sí wàhálà, ìṣirò òun ò lè yẹ̀. Kò yẹ̀ lóòótọ́. Lórí ìwé.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin gíga tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Oníwọ̀n fi ẹ̀mú gbé ìkọ́ kan jáde láti inú àwo kan tí ẹ̀rọ ń mú tutù ju yìnyín lọ, ó la ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni la èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbé e fún dókítà. Pátákó kan wà lórí tábìlì tí wọ́n lu ihò méjì sí, kí dókítà fi dánra wò. Ìkọ́ ò débẹ̀. Lọ́wọ́ dókítà ni ẹsẹ̀ méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra, jẹ́ẹ́, bí ẹni ń pa ìwé dé. Wọ́n bá ìbọ̀wọ́ rẹ̀ láàárín, wọ́n fún un mọ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká mú òmíràn," ni Oníwọ̀n wí.

Òmíràn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta pa dé kó tó kúrò lẹ́nu ẹ̀mú.

Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Kò bínú. "Ọmọ mi, bó bá ti rántí lọ́wọ́ mi, kí ló kù tó fẹ́ rántí nínú eegun?"

Ìyá Ìléru wà lẹ́nu ọ̀nà tó wọ yàrá ìléru, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn. Ó rí bí ojú àbúrò rẹ̀ ṣe ṣú. Ó rí Ọ̀gá tó ń wo ilẹ̀. Ohun kan dùn nínú rẹ̀, ó dùn gan-an, bí omi tútù lọ́fun ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Ojú tì í fún adùn náà, ó sì tún mu ún.

Nígbà tí wọ́n wọn irin náà, dígírì méjìlá ló ti ń jí. Oníwọ̀n wọn irin mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó dì í, wọ́n yọ́ ọ: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n yọ́ ẹ̀kẹta: mẹ́tàdínlógún. Ohun tó ń da orí rẹ̀ rú nìyẹn, ohun kan náà nínú agolo, àbọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó fura sí òṣùwọ̀n, ó tú u palẹ̀, ó tò ó padà. Ó fura sí níkẹ́ẹ̀lì. Ó wá fura sí ara rẹ̀, kò sì fura sí nǹkan mìíràn mọ́. Ẹ̀rín rẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀. Bí Ìyá Ìléru bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á gbórí sókè, á ní, "Àǹtí, kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?"

Ẹ̀gbọ́n á ní, "Fara balẹ̀. Á yanjú."

Lópin ọ̀sẹ̀ kejì, Ọ̀gá pe Ìyá Ìléru. "Padà sí bó o ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Mo ti ní kí àbúrò rẹ lọ jókòó ti ẹ̀rọ ìwọn-ooru, kó má bá wa wọn irin tí a ń pò mọ́." Ó gbé àga ẹlẹ́sẹ̀ mímì náà sún mọ́ ọn. "Jókòó."

Ó jókòó. Ó ti ń ronú nípa ìjókòó yẹn láti oṣù mélòó kan. Àga náà le.

Agolo kan ṣì wà tí Oníwọ̀n ti dì sílẹ̀, kílò mẹ́wàá géérégé. Òun ni Ìyá Ìléru dà sí ìkòkò, ó sì fi ègé tàìténíọ̀mù kan lé e. Ìkòkò ti yó díẹ̀, nítorí náà ègé náà ò tó àtàńpàkò tán. Nígbà tí wọ́n wọn irin tó jáde, dígírì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ilé-iṣẹ́ hó yèè. Ẹni tó ń fa wáyà gbá a mọ́ra. Ọ̀gá ní, "Ẹ rí i bí? Ọwọ́ àgbà!" Ìyá Ìléru wo ọ̀kánkán, ó rí àbúrò rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ó ń pàtẹ́wọ́ bíi ti gbogbo ènìyàn. Ó wá gbé irin náà, ó gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n.

Ibi ìfọwọ́ ni Oníwọ̀n ti wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí."

"Kí ló dé?"

"Kílò mẹ́wàá ni mo dì sínú agolo yẹn. Ohun tó jáde fi gíráàmù mẹ́tàdínlógún lé. Àwọn mẹ́ta tó ṣáájú, gíráàmù mẹ́ta mẹ́ta ló dín nínú wọn, torí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìkòkò. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀."

"Èmi ò mọ ìṣirò."

"Ogún ni. Ogún gíráàmù. Kí lẹ jù sí i?"

Omi ń ṣàn lórí ọwọ́ Ìyá Ìléru. Kò ti ẹ̀rọ omi náà. "Tàìténíọ̀mù," ló wí níkẹyìn.

"Láti ìgbà wo?"

"Kó o tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà."

"Mo bi yín." Ohùn Oníwọ̀n ò ga. "Mo dúró níwájú yín, mo bi yín bóyá nǹkan kan wà."

"O ò dúró. O jókòó. Níwájú Ọ̀gá lo ti bi mí."

"Ẹ̀yin ni mo bi, kì í ṣe Ọ̀gá! Òru mélòó ni mi ò sùn? Ẹ ń wò mí. Mo ń bi yín pé kí ni mò ń ṣe tí kò dáa, ẹ ní kí n fara balẹ̀." Ó gbé ọwọ́ sórí, ó sọ ọ́ kalẹ̀. "Ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Lọ́jọ́ tí dókítà wá, ṣé inú yín dùn?"

Ìyá Ìléru ò lè purọ́ sí i mọ́. "Ó dùn."

Oníwọ̀n mi orí lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ka iye kan tó sì rí i pé ó pé. "Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀," ló wí. "Mo rò pé ẹyẹ kan náà ni wá ni." Ó jáde.

Ìyá Ìléru retí pé àbúrò òun á lọ sọ fún Ọ̀gá. Ní gbogbo ọjọ́ kejì, bí ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì bá ti dún, á yíjú wò ó. Kò sọ. Ọjọ́ kẹta, kò sọ. Ó ń jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń kọ iye sílẹ̀. Sùúrù yẹn tún bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú. Kódà, ó mọ̀ ọ́n dákẹ́ ju òun lọ! Ìyá Ìléru ní nínú ọkàn rẹ̀ pé ńṣe ni àbúrò ń dákẹ́ kóun lè mọ̀ pé ó sàn ju òun lọ.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Oníwọ̀n ò wá sílé. Ìyá wọn béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn oúnjẹ, Ìyá Ìléru bá ọmọ rẹ̀ nídìí tábìlì, ìwé ìṣirò wà níwájú rẹ̀ ní pípadé. Ọmọ náà ń ya òdòdó sẹ́yìn ìwé.

"Iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ ńkọ́?"

"Mi ò lè ṣe é."

"Láti ìgbà wo?"

Ọmọ náà ò gbójú sókè. "Mo lọ kí Àǹtí Kékeré lánàá. Wọ́n ń kọ lẹ́tà pé àwọn fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́n tó bí àwọn ṣe rò." Ó ń fi pẹ́ńsù kun òdòdó náà dúdú. "Bí wọn ò bá gbọ́n tó, èmi wá ńkọ́?"

Ìyá Ìléru ṣí ìwé ìṣirò náà, ó wo àwọn lẹ́tà tó ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti kórìíra wọn tó. Ó mọ̀ pé Oníwọ̀n ti mọ òtítọ́, ó sì ṣì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ: kò darúkọ òun. Ó bo òun láṣìírí lójú ọmọ òun.

"Àǹtí rẹ gbọ́n," ló wí. "Èmi ni mo fi nǹkan pamọ́ fún un. Ó ti mọ̀ ọ́n, kò kàn fẹ́ sọ fún ẹ ni. Ṣe ìṣirò rẹ."

"Kí lẹ fi pamọ́?"

"Ṣe ìṣirò rẹ ná."

Lọ́jọ́ Ajé, kó tó wọ aṣọ iṣẹ́, ó wọ ọ́fíìsì. Kò jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá láti orí ìkòkò tuntun dé orí ègé tàìténíọ̀mù, ó sì fi ìbéèrè tí àbúrò rẹ̀ bi í kún un, àti èsì tóun fún un, nítorí ó mọ̀ pé bóun bá yọ ìyẹn kúrò, òun ò tíì sọ nǹkan kan.

Ọ̀gá gbọ́ ọ tán. "Ọdún méjìdínlógún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá ẹni tó ń ta níkẹ́ẹ̀lì fún wa jà nítorí ọ̀rọ̀ yìí." Ó dìde, ó tún jókòó. "Mo yọ àbúrò rẹ kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀, níṣojú gbogbo ènìyàn. O dúró níbẹ̀, o ń wò mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí n tó ronú ohun tí màá fi ẹ́ ṣe."

Ọ̀sẹ̀ méjì náà gùn. Ìyá rẹ̀ ò bá a wí, ńṣe ló ń wò ó bí ẹni wo aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Ìròyìn ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Wọ́n ní Oníwọ̀n ti fa lẹ́tà rẹ̀ ya. Wọ́n ní ó gé irin náà, ó dán an, ó fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, ó sì rí àwọn horo èédú òun tàìténíọ̀mù bí iyanrìn tí wọ́n fọ́n káàkiri. Wọ́n ní ó ti ya àwòrán tó fi hàn bí ìkòkò ṣe ń yó díẹ̀díẹ̀, pé dókítà fúnra rẹ̀ wá wò ó, ó ní òun ò tíì rí irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìléru tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀ níbi tó ti ń ká aṣọ. Òun ló ṣẹ̀, òun ló jẹ́wọ́, síbẹ̀ orí àbúrò náà ni ìyìn tún lọ bà sí. Ó ká síkẹ́ẹ̀tì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó yá, ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, nítorí kò sí ohun tó tún kù tó lè ṣe sí ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ tó padà, agolo kan wà lórí pẹpẹ rẹ̀, ìwé kékeré kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Oníwọ̀n ti fa ìlà sí ìwé náà: ọjọ́ orí ìkòkò lápá òsì, ìwọ̀n tàìténíọ̀mù lápá ọ̀tún. Ó kọ "Oúnjẹ Ìkòkò" sí òkè rẹ̀. Lápá ọ̀tún, ìlà kọ̀ọ̀kan ṣófo.

Àbúrò náà wọlé, ó gbé òṣùwọ̀n kékeré kan dání. Kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yín ló sọ orúkọ yẹn fún mi. Ó ní ẹ sọ ọ́ fún òun. Ẹ mú àwọn ègé yín wá, ẹ tò wọ́n bẹ́ ẹ ṣe máa ń jù wọ́n, láti orí ìkòkò tuntun. Màá wọ̀n wọ́n."

Wọ́n ṣe é fún ìdajì ọjọ́. Ìyá Ìléru á gbé ègé kan, á fi àtẹ́lẹwọ́ díwọ̀n rẹ̀, á ní, "Èyí fún ìkòkò tó ti yọ́ irin lẹ́ẹ̀marùn-ún." Oníwọ̀n á wọ̀n ọ́n, á kọ ọ́. Ní ìgbà kan ó dáwọ́ dúró. "Mo ti ṣírò èyí sílẹ̀ lánàá. Mo ní gíráàmù mẹ́rìnlá. Tiyín jẹ́ mẹ́rìnlá ó lé díẹ̀." Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn. "Pẹ̀lú ọwọ́ lásán."

"Kí lo rò tẹ́lẹ̀?"

"Mo rò pé ẹ̀ ń dá àbá lásán ni."

"Mo mọ̀ pé bó o ṣe rò ó nìyẹn," ni Ìyá Ìléru wí. "Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú."

Oníwọ̀n kọ mẹ́rìnlá ó lé díẹ̀ sílẹ̀. Ó tó oṣù méjì kó tó tún wá jẹun nílé lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó wá, ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà ló jókòó sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Dókítà gba àwọn ìkọ́ tuntun náà. Ẹni àkọ́kọ́ tí dókítà fi wọ́n sí lára jẹ́ bíríkìlà kan tó já bọ́ láti orí àkàbà, tí eegun ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bíríkìlà náà fúnra rẹ̀ yọ sí wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọkùnrin tó kún fún ọ̀rọ̀ ni. Ó na ọwọ́ náà síta, ó pa á dé, ó ṣí i, ó gbá tábìlì kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ ọ.

"Ta ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" ló béèrè. "Ta ló ṣe nǹkan yìí?"

Oníwọ̀n nawọ́ sí ẹ̀yìn. "Àǹtí mi nìyẹn. Àwọn ló yọ́ ọ."

Bíríkìlà náà di Ìyá Ìléru lọ́wọ́ mú, ó mì ín títí, ó ṣàdúrà fún un, ó ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ tí wọn ò tíì bí. Ìyá Ìléru ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó yẹ kó sọ, ó mọ̀ ọ́n, ó ń yí i kiri lẹ́yìn eyín. Ó gbé e mì. Ọkùnrin náà kí i tán, ó jáde, ó ń lọ.

Nírọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì jọ rìn dé ìkóríta.

"Ó yẹ kí n sọ pé àwa méjèèjì ni," ni Ìyá Ìléru wí.

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò kàn lè sọ ọ́ ni."

"Mo rí yín," ni Oníwọ̀n wí. "Ẹnu yín ṣí, ó pa dé. Mo ní nínú ara mi pé, ẹ̀gbọ́n mi ò ní sọ ọ́ láéláé." Ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìrò ó tẹ́lẹ̀, ó gbìyànjú láti dá a dúró, kò lè dá a dúró. Ìyá Ìléru náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró síbẹ̀, àwọn tó ń kọjá ń yà fún wọn, títí ọkọ̀ Oníwọ̀n fi dé, ó sì wọ ọ́, ó ń lọ.